Kezia Ò Ju Ọmọ Ẹ̀ Nù

Kò sẹ́ni tó mọ Winnie Verrill ní Staithes, abúlé apẹja kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ò mọ̀ pé ẹnu ẹ̀ gbóná ju òróró tó fi ń dín ẹja tà lọ. Ó ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ ẹnu ò fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tí Clive, ọmọ àbúrò ìyá ẹ̀, gbé ìtàn ìdílé tó fẹ́ lọ tẹ̀ wá hàn án, tíì tútù sí i lọ́wọ́.

"Kí lo kọ síbí?"

"Òótọ́ ni, Àǹtí. Kezia Garbutt, ìyá Màmá Àgbà, ju ọmọ ẹ̀ sílé àwọn òtòṣì, ó bá atukọ̀ lọ sí ìlú Hull. Mo rí àkọsílẹ̀ ìgbéyàwó wọn."

"Ṣé orí ẹ pé báyìí?"

Ọ̀rọ̀ tí Ada, ìyá ìyá wọn tí wọ́n ń pè ní Màmá Àgbà, gbé sáyà wọ sàréè nìyẹn. Ìṣáwùrú ni Kezia ń ṣà lórí àpáta fáwọn apẹja láti fi dẹ ẹja. Omi gbé ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ lọ kí wọ́n tó ṣègbéyàwó. Ebi ló lé e wọ ilé àwọn òtòṣì, níbi tí ìjọba ń kó àwọn tí ò rí jẹ sí, tòun tọmọ. Wọ́n fi ìyá sápá kan, wọ́n fọmọ sápá kejì, nítorí òfin wọn nìyẹn. Òfin burúkú! Ada ò fojú kan ìyá ẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì ṣàlàyé fún un. Títí ó fi darúgbó, ohun tó ń wí ni pé, "Ẹni tó jù mí nù, ẹ má dárúkọ ẹ̀ sí mi létí."

Winnie tẹjú mọ́ àkọsílẹ̀ Hull náà. "Clive, wo orúkọ bàbá ìyàwó. Matthew! Isaac ló bí Kezia tiwa. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni Matthew àti Isaac. Ṣé o ò mọ̀ pé orúkọ ìyá bàbá la fi ń sọ àkọ́bí obìnrin níbí ni? Kezia méjì ni wọ́n bí! Clive méjì ló wà nínú ìdílé wa, ṣé ìyàwó kan náà lẹ jọ fẹ́ ni?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Winnie àti Clive lọ wo ìwé ìsìnkú ìjọ tó wà lẹ́bàá ilé òtòṣì náà. Kezia Garbutt, ibà ló pa á, inú ilé yẹn ló kú sí, lọ́dún tí wọ́n wọ ibẹ̀ gan-an.

"Ẹ̀yin ìkà!" Àwọn alákòóso ilé òtòṣì ni Winnie ń bú, gbogbo àwọn tó ń kàwé níbẹ̀ sì gbórí sókè. "Ọmọ ẹ̀ wà níbẹ̀! Ẹ ò lè sọ fún un!"

"Àǹtí, ẹ rọra. Ó ti pẹ́, gbogbo wọn ló ti kú."

"Ó pẹ́ lójú tìẹ! Èmi ni mo máa ń nu omijé ojú Màmá Àgbà."

Clive fa ojú ìwé tó kọ nípa Kezia yọ nínú ìtàn tó fẹ́ lọ tẹ̀. Ó fà á ya.

Winnie ò dúró gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ síbi sàréè Ada nínú òjò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ òkúta orí ẹ̀ bí ẹni ń bá arúgbó tí etí ẹ̀ di sọ̀rọ̀.

"Màmá Àgbà, ìyá yín ò jù yín nù o. Ẹ̀yìn ògiri tí wọ́n fi yà yín ló wà títí ó fi kú. Àwọn olórí burúkú yẹn ni ò sọ fún yín."