Wáyà Eyín Tí Wọ́n Dè Mọ́ Mi Lẹ́nu ní Ìbàfò

Òórùn kànáfùrù ló kọ́kọ́ pàdé wa lórí àtẹ̀gùn, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé tí ìyá mi mú mi lọ sí Ìbàfò. Ó ta sí mi nímú kí a tó dé ẹnu ọ̀nà rárá. Òórùn ọṣẹ tí wọ́n fi nulẹ̀ wà nínú rẹ̀, ti rọ́bà tuntun náà sì wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilé náà ni wọ́n ti ń ta táyà ọkọ̀. Òkè ni ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Dókítà Délé ti ń tún eyín ṣe. Ìyá mi ti fi ìpara pa mí lẹ́sẹ̀ títí tó fi ń dán, ó sì ti fi ìborùn tuntun bò mí lórí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Inú mi dùn débi pé mo ń fò gun àtẹ̀gùn náà ní méjì-méjì.

Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ mọ bí àwọn ọmọ iléèwé ṣe máa ń sọ ara wọn lórúkọ nígbà yẹn. Eyín òkè iwájú mi méjèèjì yọ síta, wọn kì í jẹ́ kí ètè mi pa dé dáadáa. Ní iléèwé wa ní Mówè, Eyín-ṣáájú ni wọ́n ń pè mí, torí wọ́n ní bí mo bá ń bọ̀, eyín mi ló máa kọ́kọ́ wọ kíláàsì. Èmi náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, màá wá fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó yá, ọwọ́ yẹn kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Bí mo bá ń ka Kùránì nílé kéú, ọwọ́ ni. Bí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò, ọwọ́ ni. Ìyá mi ń wò mí ní gbogbo ìgbà náà.

Ilé wa kò jìnnà sí títì márosẹ̀. Káfíńtà ni bàbá mi, iwájú ilé ló pa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí. Láti àárọ̀ la ti máa ń gbọ́ ìró ayùn, ìyẹ̀fun pákó á sì bà lé gbogbo aṣọ tí a bá sá sórí okùn. Ìyá mi ní tirẹ̀ ní ẹ̀rọ tó fi ń hun súwẹ́tà ní pálọ̀. Súwẹ́tà àwọn ọmọ iléèwé ló ń hun, títí dé ti àwọn iléèwé tó wà ní agbègbè Káńpù àwọn onígbàgbọ́. Oníbàárà rẹ̀ kan ló sọ fún un pé ọkùnrin kan wà ní Ìbàfò tó ń fi wáyà to eyín, pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ti ṣe é. Bàbá mi ní, "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fojú ara mi rí ibẹ̀." Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyẹn lórí ohun gbogbo, ì báà jẹ́ pákó, ì báà jẹ́ ẹja. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ fèrèsé mọ́sálásí kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ìyá mi kò sì lè dúró. Ó ti rí ọwọ́ tí mo fi ń bo ẹnu tó.

Dókítà Délé lọ́yàyà. Ó pè mí ní ìyàwó rẹ̀, ó sì fún mi ní súìtì. Ẹ gbọ́ o, súìtì, lọ́wọ́ ẹni tó ń tún eyín ṣe! Ó ní kí n la ẹnu, ó fi ìka tẹ eyín mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní oṣù mẹ́fà péré ni gbogbo rẹ̀ yóò fi tò. Kò ya fọ́tò egungun ẹnu mi, kò sì béèrè ju ọjọ́ orí mi lọ. Lọ́jọ́ náà gan-an ló lẹ àwọn irin kéékèèké mọ́ eyín mi, ó fa wáyà gba inú wọn kọjá. Púláyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́nu ọkùnrin tó ṣáájú wa ló kàn rì sínú abọ́ omi, tó sì tì bọ ẹnu tèmi. Mo rí i. Ìyá mi náà rí i. A kò mọ̀ pé ó yẹ ká sọ̀rọ̀.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo di gbajúmọ̀ níléèwé. Àwọn tó ń pè mí ní Eyín-ṣáájú ló ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ káwọn fọwọ́ kan wáyà náà. Ìyá mi ń sọ fún gbogbo oníbàárà, "Ẹ wo ẹnu Ràmọ́tà mi," èmi náà á sì fẹ eyín síta.

Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì la ń padà lọ síbẹ̀ kó lè fún wáyà náà le sí i. Ó máa ń fún un débi pé omi á dà lójú mi. Nígbà tó di oṣù kejì, n kò lè jẹ búrẹ́dì àfi tí mo bá rì í sínú tíì. Ẹran ìdí eyín mi wú, ó pọ́n bí ata, ẹ̀jẹ̀ sì ń wà lára búrọ́ọ̀ṣì mi láràárọ̀. Nígbà tó di oṣù kẹrin, mo fi ahọ́n ti eyín iwájú mi ti apá òsì, ó sì mì. Mo sọ fún Dókítà Délé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé ìwọ ni dókítà ni àbí èmi?" Nígbà tí mo tún sọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó ní kí n dákẹ́, pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ìyá mi á sì máa sọ lójú ọ̀nà pé, "Fara dà á, ó ti kù díẹ̀."

Mo fara dà á. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dé ẹnu mi níwájú ìyá mi, mo máa ń gbé e mì ni, kó má baà rí i tí mo bá tu ú. Inú rẹ̀ ń dùn sí wáyà yẹn, n kò fẹ́ ba inú dídùn rẹ̀ jẹ́. Ohun tí mo rò nìyẹn, mo sì rò pé ìwà ọmọ dáadáa ni.

Ìyá bàbá mi tó ń gbé ní Ìfọ̀ ló tú mi fó. A ti gba ọlidé, wọ́n sì rán mi lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó se àgbàdo, ó kó àgbọn tì í, a jọ jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ń fi ọwọ́ ṣa hóró àgbàdo náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń sọ ọ́ sí ẹ̀yìn ẹnu.

Màmá ní, "Ta ló kọ́ ọ láti máa jẹ àgbàdo bí adìyẹ?"

Mo kàn ń ṣa hóró mìíràn.

"Súnmọ́ ibí. La ẹnu."

Ó fi àtàǹpàkò kan eyín náà pẹ́ẹ́pẹ́. Ó mì. Ó yọ ọwọ́, ó wò mí lójú. "Èmi arúgbó leyín ń mì lẹ́nu mi, kò kù ju mẹ́fà lọ. Kí ló dé tí tìrẹ ń mì?"

Ẹkún gbà mí lẹ́nu. Mo ní, "Ó ń dùn mí, Màmá. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí."

Màmá kò bá mi sunkún. Ó fa fóònù kékeré rẹ̀ yọ nínú ìró, ó pe bàbá mi, ó ní, "Mo ń dá ọmọ yìí padà lọ́la. Ìwọ tó o máa ń fojú ara rẹ wo nǹkan, o ò wo ẹnu ọmọ rẹ."

Nígbà tí a délé lọ́jọ́ kejì, bàbá mi gbé àpótí síta nínú oòrùn, ó ní kí n jókòó sórí rẹ̀. Ó yọ pẹ́ńsùlù tó fi há ẹ̀gbẹ́ etí, ó mú rúlà kékeré tó fi ń wọn igi, ó gbé e síwájú eyín mi láì jẹ́ kó kàn án. Eyín apá òsì ti yí ẹ̀gbẹ́, àlàfo tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì ti ṣí sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti èkejì. Bàbá mi fi rúlà náà sílẹ̀. Ó wá pe ìyá mi. Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ súwẹ́tà dúró. Ìyá mi jáde, ó wò, ó sì jókòó sórí pákó tó wà nílẹ̀.

"Ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn," ló rọra sọ.

"Mo gbọ́. A jọ ń lọ síbẹ̀ lọ́la," ni bàbá mi wí.

Mo rò pé ìjà ni wọ́n fẹ́ lọ jà bí a ṣe ń gun àtẹ̀gùn náà. Ṣùgbọ́n bàbá mi kí ọkùnrin náà dáadáa, ó béèrè àlàáfíà ilé, ó wá jókòó. Ó ní, "Mo fẹ́ rí fọ́tò eyín ọmọ mi, èyí tí ẹ yà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Dókítà Délé ní ìṣòro rẹ̀ kò le tó ohun tí wọ́n ń ya fọ́tò fún.

"Ìwé tí ẹ kọ nípa rẹ̀ ńkọ́?"

Kò sí ìwé kankan. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó ní àwọn ọmọ òde òní kì í fẹ́ kí nǹkan ro wọ́n. Bàbá mi gbọ́ ọ tán, ó yí sí mi. "Ràmọ́tà, sọ fún wọn bó ṣe ń ṣe ọ́."

Mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ilé tí a ti jáde wá. Ọmọdé kì í kò àgbà lójú. Ìyá mi gbé ọwọ́ lé èjìká mi, mo sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, eyín mi ń mì. Mo sọ fún yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní kí n dákẹ́."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà wolẹ̀. Bàbá mi rọra bi í léèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti kọ́ iṣẹ́ yìí?" Ọkùnrin náà ní eyín àtọwọ́dá lòun kọ́, irú èyí tí àwọn àgbà máa ń kì bọ ẹnu. Òun kì í ṣe dókítà. Wáyà yìí, òun ń wo àwọn tó ń ṣe é ni, òun sì rò pé òun ti mọ̀ ọ́n.

Nínú ọkọ̀, ńṣe ni ìyá mi ń nu ojú rẹ̀ títí a fi délé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà la lọ sí ọsibítù ìjọba ní Abẹ́òkúta. Dókítà obìnrin kan ló gbà wá. Ó ya fọ́tò, ó gbé e síwájú iná, ó fi hàn wá bí gbòǹgbò eyín náà ti kúrú nítorí pé wọ́n fà á ní àfàjù. Ó ní ká ní a dúró díẹ̀ sí i, eyín náà ì bá bọ́ ni. Ó ń sọ fún mi ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é: "Mo fẹ́ gé wáyà yìí. Wàá gbọ́ kó dún. Bó bá dùn ọ́, gbé ọwọ́ sókè, màá dúró." Mo gbé ọwọ́ sókè bóyá ìgbà mẹ́wàá. Ìgbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló dúró.

Nígbà tí a délé lọ́jọ́ náà, ìyá mi pè mí sí yàrá. Ó ní, "Má bínú sí mi. Mo ń sọ pé kó o fara dà á, n ò béèrè ohun tó ò ń fara dà." N kò tíì gbọ́ kí òbí kan bẹ ọmọ rẹ̀ rí. N kò mọ ibi tí màá kọjú sí. Mo sọ fún un nípa ẹ̀jẹ̀ tí mo ń gbé mì, ó sì gbá mi mọ́ra.

Fún oṣù mẹ́jọ, wọn kò de nǹkan kan mọ́ eyín mi, kí ẹran ìdí wọn lè jinná. Lẹ́yìn náà ni dókítà Abẹ́òkúta tó de wáyà tirẹ̀, ọdún méjì ààbọ̀ ló sì gbà. Òun náà ló ní ká kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìlera, torí àwọn ọmọ mìíràn. Bàbá mi kọ ọ́, ìyá mi náà fọwọ́ sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lọ sí Ìbàfò, wọ́n sì ní kí ọkùnrin náà yọ pátákó tó gbé kọ́ síta, kó má ṣe wáyà mọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ wá sí ilé wa. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, ó bẹ ìyá mi, ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ràmọ́tà, o sọ fún mi, n kò gbọ́. Forí jì mí." Ó ní òun ti rí iṣẹ́ lábẹ́ dókítà eyín kan, òun ń bá a ṣe eyín àtọwọ́dá. Màmá Ìfọ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ń wo ọkùnrin náà tìfura-tìfura, ó wá ní, "Èyí tó o ní o kọ́ yẹn, ṣé o mọ̀ ọ́n ṣe lóòótọ́? Ṣé wàá ṣe é fún mi?" Ìyá mi ní kò ní ṣẹlẹ̀ láéláé. Màmá ní ẹnu òun ni, kì í ṣe ẹnu ìyá mi. Ó lọ rí dókítà tí ọkùnrin náà ń bá ṣiṣẹ́, wọ́n wọn ẹnu rẹ̀, ọkùnrin yẹn sì ṣe eyín fún un. Ó bá a mu rẹ́gí. Títí Màmá fi kú ló ń fi eyín náà ya ẹran, bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè, á ní, "Iṣẹ́ tó mọ̀ nìyí."

Mo ti di olùkọ́ báyìí, níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìfọ̀ níbẹ̀. Eyín mi tò, àyàfi èyí tó wà lápá òsì, tí àwọ̀ rẹ̀ ṣú díẹ̀ ju ti àwọn yòókù. N kì í fi í pa mọ́. Lóṣù tó kọjá, mo ń ṣe ìṣirò lójú pátákó, ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èyí tí ẹ kọ yẹn kò tọ̀nà." Gbogbo kíláàsì ń dúró de ohun tí màá ṣe. Mo yẹ iṣẹ́ náà wò. Òótọ́ ló sọ. Mo nu ún, mo tún un kọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá lòun náà. Mo wò ó bó ṣe padà jókòó, tó ń bá ìwé rẹ̀ lọ bíi pé kò ṣe nǹkan kan. Èmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà níwọ̀n rẹ̀, àfi ìgbà tí àgbà mẹ́ta tì mí lẹ́yìn. Ó tẹ́ mi lọ́rùn pé nínú yàrá tí èmi ti jẹ́ àgbà, ọmọdé lè sọ pé nǹkan kò tọ̀nà, kó má sì kúnlẹ̀ kó tó sọ ọ́.