Ìlà Tí Káfíńtà Fà Sáàárín Ilé Bàbá Rẹ̀

Ojú tí Káfíńtà fi ń wo pákó ló fi ń wo èèyàn. Á di ojú kan, á wò ọ́ látòkè délẹ̀, bíi pé ó ń wá ibi tó o ti wọ́. Mo háyà ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wọn, mo ń ránṣọ níbẹ̀, ògiri kan ló sì wà láàárín ẹ̀rọ mi àti ilé iṣẹ́ rẹ̀. Bó ṣe ń lu òòlù ni mo fi ń mọ̀ pé inú ń bí i, inú rẹ̀ kì í sì í dùn lọ títí.

Bàbá wọn ló fi ilé náà sílẹ̀ fún òun àti àbúrò rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Kò pín in. Ó kàn ní kí wọ́n jọ ni ín. Káfíńtà kò gbé ibòmíì rí. Inú iyàrá tí wọ́n bí i sí ló ń sùn, ibi tí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ níṣẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó fẹ́yàwó lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ obìnrin náà kó jáde, ó ní òun ò lè bá ọkùnrin tó ń fi rúlà wo bí òun ṣe tẹ́ bẹ́ẹ̀dì gbé. Ilé yẹn nìkan ló kù fún un, kò sì fi pa mọ́.

"Ibí yìí ni wọ́n á ti gbé òkú mi jáde," ló máa ń wí.

Àbúrò rẹ̀ ló gbà mí sí ṣọ́ọ̀bù, mi ò mọ̀ pé kò sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí Káfíńtà ti ibi iṣẹ́ kan tó lọ ṣe níta dé tó bá mi níbẹ̀, kò kí mi, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó gbé ẹ̀rọ mi, ó sọ ọ́ síta, ọwọ́ ẹ̀rọ ṣẹ́. Mo na àlùmọ́gàjí sí i níkùn.

"Ẹ tún fọwọ́ kan nǹkan mi, kẹ́ ẹ rí i bóyá mi ò ní gún yín!"

"Ta ló gbà ẹ́ síbí?"

"Onílé ni! Ẹ lọ bi àbúrò yín!"

"Onílé wo? Èmi ńkọ́, ṣé àlejò lèmi?"

Nígbà tí àbúrò dé nírọ̀lẹ́, ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n fi kí ara wọn. Káfíńtà gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri, àbúrò bu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ létí jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi rin ẹ̀wù àwọn méjèèjì. Ìyàwó àbúrò, tó wà nínú oyún, ló da omi lé wọn lórí kí wọ́n tó tú ká.

Ni a bá gbọ̀nà ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò lọ. Mo tẹ̀ lé wọn, torí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù mi náà ni. Agbẹjọ́rò ní àwọn méjèèjì ló nilé, pé kò yẹ kí ẹnì kan dá gba ayálégbé láìjẹ́ pé ẹnì kejì lóhùn sí i, ẹnì kan ò sì lè lé ẹnì kejì jáde.

"Ìdajì ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan yín," ló wí, "àmọ́ ìdajì gbogbo ẹ̀ ni o. Kò sí búlọ́ọ̀kù kan tẹ́ ẹ lè nawọ́ sí pé tèmi nìkan rèé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pín in, kóòtù ni kẹ́ ẹ gbà lọ."

"Ìdajì," Káfíńtà wí. Kò gbọ́ ìyókù. Kì í sì í ṣe etí tí wọ́n bù jẹ ló fà á o, ìkejì ṣì ń gbọ́ dáadáa.

Bó ṣe délé, ó kan ìṣó mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ó so okùn tó ti fi ṣọ́ọ̀kì kùn mọ́ ọn, ó fà á gba ọ̀ọ̀dẹ̀ títí dé ẹ̀yìnkùlé. Ó fi ìka gbé okùn sókè, ó jù ú sílẹ̀: pàá! Ìlà funfun la ilé náà já, ó sì gún régé, bí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

"Apá ọ̀tún ni tèmi," ló wí. "Ẹni tó bá kọjá síbí, màá là á lórí."

Ohun tó bá wà lórí ìlà, ayùn ni. Ó rẹ́ tábìlì bàbá wọn sí méjì. Ó rẹ́ àga gbọọrọ inú ọ̀ọ̀dẹ̀, apá méjèèjì sì dojú bolẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ méjì ò gbé àga dúró. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àbúrò kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó fi imú ọkọ̀ kọ lu ilé iṣẹ́ Káfíńtà, ó run ilẹ̀kùn àti gbogbo pákó tó wà níbẹ̀ wómúwómú.

Káfíńtà fa ayùn rẹ̀ yọ lábẹ́ pákó tó fọ́. Ó gbé àkàbà wọ ọ̀ọ̀dẹ̀, ó já àjà lulẹ̀, ó sì gbé ayùn lé igi ńlá tó gbé òrùlé ró, gẹ́lẹ́ lórí ìlà. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ìgbà ni mo máa ń gbọ́ ọ látẹ̀yìn ògiri tó ń pariwo mọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀: "Ẹ fi òpó tì í kẹ́ ẹ tó gé e! Ọ̀tún, òsì!" Lọ́jọ́ náà, apá ọ̀tún nìkan ló fi òpó tì. Ó ní ti òsì kò kan òun.

Àbúrò sáré wọlé. "Ìwọ! Sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀!"

Kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìwọ rí. Ó kọjá ìlà, ó di àkàbà mú, ó ń mì í. Káfíńtà sọ òòlù mọ́ ọn, ó bà á léjìká, àbúrò sì fẹ̀yìn rìn padà sí apá tiẹ̀. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí igi náà kán.

Apá òsì òrùlé wó lé e. Tọ̀tún ò mira. Èmi àti Káfíńtà jọ fọwọ́ lásán hú páànù, ó ya àtẹ́lẹwọ́ wa. Igi náà ti fọ́ ọ láyà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò ń wí, "ẹ gbé e kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ó ń dùn mí."

Kò dé ilé ìwòsàn.

Kóòtù ní Káfíńtà kò mọ̀ọ́mọ̀ pa á, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n. Ìdajì àbúrò di ti ìyàwó àtọmọ tó bí lẹ́yìn ikú rẹ̀. Obìnrin náà tún òrùlé kàn. Kó tó gbà kí n máa bá ṣọ́ọ̀bù mi lọ, ó ní kí n kọ́kọ́ lọ gbàṣẹ lẹ́nu Káfíńtà lẹ́wọ̀n, pé òun nìkan ò lè dá gbà mí. Mo lọ. Ó kàn mi orí pé òun gbà, kò wò mí lójú. Mo fẹ́ bú u, àánú rẹ̀ ò jẹ́. Inú rẹ̀ sì ń bí mi títí dòní.

Nígbà tó jáde, orí rẹ̀ ti funfun. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìṣó ọjọ́sí ṣì wà, ó ń wo ilẹ̀, kò mọ ibi tóun máa gbẹ́sẹ̀ lé. Ìyàwó àbúrò jáde sí i.

"Ẹ wọlé."

"Mi ò ní nǹkan kan níbí mọ́," ni Káfíńtà wí.

"Irọ́ ni. Agbẹjọ́rò ti là á yé mi, kò síbi tí kì í ṣe tiyín nínú ilé yìí." Ó na ọwọ́ sí ọ̀ọ̀dẹ̀. "Ibi tó kú sí yẹn náà, tiyín ni."