Bàbá Ogójì Ń Wá Òǹkàwé

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fún Bàbá ní ẹ̀bùn òǹkọ̀wé ni orúkọ yẹn mọ́ ọn lára. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Alága ìgbìmọ̀ ti fi odidi wákàtí kan yin ìwé Bàbá: ó jinlẹ̀ ju òkun lọ, oyin gan-an ò dùn tó o. Nígbà tó wá na àwo ẹ̀yẹ sí Bàbá, Bàbá ò nawọ́ gbà á.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀ ní ojú ìwé ogójì?"

Alága rẹ́rìn-ín. "Háà, Bàbá! Ojú ìwé ogójì! Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn ti wọni lára."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Gbogbo wọn, sà."

Bàbá yíjú sí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yòókù. Bàtà wọn ni gbogbo wọn ń wò. "Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀," ni Bàbá wí. "Ibẹ̀ ni apá kìíní parí sí. Òfìfo ni wọ́n fi ojú ìwé náà sílẹ̀." Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde. Ẹlòmíì ni wọ́n gbé ẹ̀bùn náà fún, ẹni náà ò sì béèrè ohunkóhun. A gbọ́ pé ẹni náà fúnra rẹ̀ kò tíì ka ìwé tirẹ̀ tán.

Ìwé kan ṣoṣo ni Bàbá Ogójì kọ láyé rẹ̀, ọdún méjìlélógún ló sì fi kọ ọ́, nínú yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná tí kò fẹ̀ ju àpótí aṣọ lọ. Ẹsẹ̀ kan tábìlì rẹ̀ kúrú. Ìwé atúmọ̀ èdè ló fi tì í. Akọ̀ròyìn kan wá bá a níbẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sí i lẹ́nu.

"Bàbá, níbo ni ìmísí yín ti ń wá?"

"Ìmísí? Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, èmi ò tíì rí i rí. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mò ń jókòó, aago méjì ọ̀sán ni mò ń dìde. Bó bá dé lẹ́yìn tí mo ti jáde, kó lọ bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ìwé ìròyìn gbé e jáde gàdàgbà pé ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀ ni ìmísí ti ń wá. Odidi oṣù kan ni àwọn obìnrin àdúgbò fi ń bi ìyàwó náà léèrè ohun tó ń fi sínú ọbẹ̀.

Ìyàwó yìí ò sì rí ọkọ bá jà. Bó bá ti gbẹ́nu lé ìjà ni Bàbá á nawọ́ sókè: "Dúró ná, ìyá wa. Jẹ́ n mú bírò."

"Ẹ mú un! Òrùlé ń jò láti ọdún mẹ́ta! Ẹ kọ ọ́ pé ká ní òkúta lè gbéyàwó ni, ì bá sàn jù yín lọ. Òkúta kì í jẹun!"

Bàbá kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbólóhùn tó dára jù nínú orí kẹsàn-án nìyẹn. Ìyàwó ò ka orí kẹsàn-án títí dòní. Ó ní òun ti gbọ́ ọ lẹ́nu ara òun.

Bàbá fúnra rẹ̀, kò sí ohun tí kì í kà. Ó ń ka bébà inú páálí oògùn. Ó ń ka ìkìlọ̀ ara ògiri ní ibùdókọ̀ títí ọkọ̀ mẹ́rin á fi kọjá lójú rẹ̀. Ó máa ń ní òǹkọ̀wé tí kì í kàwé dà bí àlejò tó wọlé, tí kò kí ẹnikẹ́ni, tó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ara rẹ̀.

Gọ́ọ̀mù ló wá sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo èèyàn ń sá fún. Bó bá fẹ́ ta ọ́ lọ́rẹ ìwé rẹ̀, á kọ́kọ́ fi ẹ̀kán gọ́ọ̀mù bíńtín lẹ ojú ewé méjì pọ̀ láàárín. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà á yà kí ọ, á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, á sì ní kó o jẹ́ kí òun wo nǹkan kan nínú ìwé náà. Ọ̀gá ilé-ìwé kan sáré pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá! Ìwé yín ti yí ìgbésí ayé mi padà!"

Bàbá ṣí ìwé náà. Gọ́ọ̀mù wà níbẹ̀ digbí. "Ọ̀gá, báwo ló ṣe yí i padà láti ìta?"

Ilé mẹ́tàdínlógún ló yẹ̀ wò bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún mọ́kànlá. Gọ́ọ̀mù kan ò ṣí. Àwa ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ nǹkan náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn bí ikán ṣe ń jẹ igi, láìpariwo. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ẹnì kan péré ni mo ní kó kà á tán kí n tó kú. Ṣé ìyẹn náà pọ̀ jù?"

Kíndìnrín ló gbé e dé ilé ìwòsàn. Ìyàwó gbé ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó lè máa rí i. Nọ́ọ̀sì ọ̀sán, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, mú ìwé náà lọ láìtọrọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin ó wọlé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ le koko.

"Bàbá, ẹ yí ìdí yín síbí. Ìkà ni yín."

"Kí ni mo ṣe?"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi pa télọ̀ inú ìwé yìí?"

Bàbá gbàgbé abẹ́rẹ́. "Nọ́ọ̀sì, ó di dandan kó kú ni."

"Dandan fún ta ni? Ó fi ogún ọdún rán aṣọ ìgbéyàwó de obìnrin kan. Ọjọ́ tí obìnrin náà wá kanlẹ̀kùn lẹ pa á! Ẹ ò lè ní sùúrù kó ṣílẹ̀kùn?"

"Bí ayé ṣe rí nìyẹn, ọmọ mi."

"Ibi tí wọ́n ti ń kú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ má kọ́ mi. Ẹlòmíì máa ń ṣílẹ̀kùn kó tó lọ." Ó gún un lábẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń gbẹ̀san.

Bàbá ké, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó sáré wọlé, ó rò pé àìsàn ti gun orí. "Ìyá wa, ó bú mi! Ó kà á tán!"

Bàbá tí kò gbà kí olóòtú yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ sí, ọjọ́ mẹ́ta ló fi bá nọ́ọ̀sì jà lórí télọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin ó ní kí wọ́n fún òun ní bébà. Ó fi bírò gbé télọ̀ dìde lórí àga, ó gbé e rìn dé ìdí ilẹ̀kùn, ó sì fi bírò sílẹ̀ pé òun fẹ́ sinmi díẹ̀. Kò tún mú un mọ́.

Níbi ìsìnkú, aṣojú ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé dìde, ó tún ọ̀fun ṣe. Ó ní ta ló lè gbàgbé ìwé ńlá yẹn, àti àgbẹ̀ akíkanjú inú rẹ̀?

"Télọ̀ ni!" Ohùn kan ta láti ẹ̀yìn. Gbogbo wa bojú wẹ̀yìn. Nọ́ọ̀sì náà ni, nínú aṣọ iṣẹ́. "Télọ̀ ni, kì í ṣe àgbẹ̀! Kò sì yẹ kó kú!"

Ó jókòó padà, ó fọwọ́ bojú, ó ń sunkún. A ò mọ̀ bóyá nítorí Bàbá ló ṣe ń sunkún tàbí nítorí télọ̀. Àmọ́ àwa tá a mọ Bàbá mọ èyí tí yóò dùn mọ́ ọn nínú jù.