Imú Tí Mo Fi Ń Ta Tùràrí

Tùràrí ni mo ń tà. Kì í ṣe lọ́fínńdà inú agolo tí wọ́n ń fín sí abíyá o. Tùràrí olóròóró ni, èyí tí wọ́n ń fi ìka tọ́ sẹ́yìn etí kí wọ́n tó lọ kírun Jímọ̀. Ìlọrin ni mo ti kọ́ ọ lọ́wọ́ bàbá mi, Àbújá ni mo ti ń fi í jẹun. Ẹni tó bá wá sí ìsọ̀ mi lọ́jà yóò rí ìgò kéékèèké tó jọra wọn lórí àtẹ, kò sì ní rí àkọlé kankan lára wọn. Àwọn ọ̀dọ́ oníbàárà máa ń ní, "Bàbá, ẹ lẹ ìwé mọ́ ọn kí ẹ lè dá a mọ̀." Ṣe ni mo máa ń jágbe mọ́ wọn. Ìwé wo? Mo ṣí ìdérí, mo fa imú, mo sì mọ̀ pé mísíkì nìyí, sándà nìyí, èyí sì ni òróró lásán tí a fi ń pò ó. Bí bàbá mi ṣe ṣe é náà nìyẹn.

Ìyàwó mi ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń fẹ́ ẹ sọ́nà ni mo ti ń pò ó fún un, n kò sì tà á fún ẹlòmíràn rí. Tó bá tán, màá po òmíràn. N kì í wọn nǹkan kan. Màá kán èyí sí i, màá kán tọ̀hún sí i, títí imú mi á fi sọ fún mi pé ó tó. Tí mo bá ti ọjà dé sí ilé wa ní Nyanya, mo máa ń mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà bóyá ó wà nílé tàbí ó ti jáde. Mo ń mu sìgá nígbà yẹn o, mo ń mu ún bí ẹni tí wọ́n ń bá du ú, síbẹ̀ n kò ṣi òórùn obìnrin yẹn mọ̀ lẹ́ẹ̀kan rí.

Ó kú. Láàárọ̀ ló ní orí ń fọ́ òun, kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì ó ti lọ. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó wẹ̀ ẹ́ jáde wá bá mi, ó ní kí n fún àwọn ní tùràrí tí àwọn máa fi sí i lára kí àwọn tó wé e láṣọ. Èmi oníṣòwò tùràrí, kí ni mo tún fẹ́ wá lọ síbòmíràn? Ìgò tirẹ̀ tó wà lórí tábìlì ni mo mú fún wọn, mo ní kí wọ́n lò ó tán. Ọjọ́ náà la sin ín. Lọ́jọ́ fídáù, àwọn ẹbí kó gbogbo aṣọ rẹ̀ jáde, wọ́n pín in ní sàráà gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe. Ojú tì mí láti sọ láàárín àwọn àgbà pé kí wọ́n fi gèlè kan ṣoṣo sílẹ̀ fún mi. Báyìí ni òórùn rẹ̀ ṣe jáde nínú ilé mi pátápátá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ikọ́ gbé mi dè, imú mi náà sì dí. Ọmọ kan ṣoṣo la bí, obìnrin ni, báńkì ló ti ń ṣiṣẹ́, Gwarinpa ló ń gbé. Àbújá níbí la bí i sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ tó bá fẹ́ sọ ọ́, ṣe ló máa ń dà bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Ó wá bá mi nílé, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Dádì, Mọ́mì ti lọ. Ẹ̀yin náà fẹ́ lọ?" Mo ju sìgá nù.

Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run! Kò pẹ́ ni imú mi bẹ̀rẹ̀ sí í là. Mo gbọ́ òórùn gọ́tà iwájú ilé wa, mo dúró níbẹ̀, mo ń ṣe àlùhámúdù, àwọn èèyàn ń wò mí bíi wèrè. Mo gbọ́ òórùn àlùbọ́sà tí wọ́n ń dín nílé kejì. Ẹ̀wà tí mo ti ń jẹ tipẹ́ wá ń ta sánsán lẹ́nu mi, àfi bíi pé olóúnjẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí wọ́n ti ń se é. Ìgbà yẹn ni mo wá pinnu pé tí imú yìí bá padà bọ̀ sípò, màá tún tùràrí ìyàwó mi pò. Màá tún gbọ́ òórùn rẹ̀ kí n tó kú. N kò tún ní nǹkan mìíràn tí mo ń fẹ́.

Ṣùgbọ́n sìgá kì í fini sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Mo ń bá oníbàárà jà lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń ra mísíkì lọ́wọ́ mi ló ní kí n máa fa fépù. Nǹkan tí kò ju bírò lọ ni, omi olóòórùn wà nínú rẹ̀, iná á mú un gbóná, á di èéfín, èèyàn á fà á bíi sìgá. Ó ní kò ní eérú, kì í rùn. Oríṣiríṣi ló wà, mo mú èyí tó ń ta sánsán bíi máńgòrò.

Máńgòrò! Ẹ gbà mí! Máńgòrò yẹn gba ilé lọ́wọ́ onílé. Ẹnu mi ń gbẹ, ahọ́n mi ṣe bíi páálí. Mo bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, n kò gbọ́ ọ, mo tún bu òmíràn, títí ọmọ mi fi tọ́ ọ wò, tó sáré lọ tutọ́. Lọ́jà, mo ṣí mísíkì, máńgòrò. Mo ṣí sándà, máńgòrò. Nígbà tó yá, máńgòrò gan-an ò rùn mọ́, mo kàn ń fa ooru lásán.

Dókítà obìnrin kan ní Durumi ló là á yé mi. Ó ní, "Bàbá, sìgá lẹ fi sílẹ̀, ẹ ò tíì fi èéfín sílẹ̀." Ó ní nǹkan náà máa ń gbẹ ẹnu àti imú, àti pé téèyàn bá ń fa òórùn kan ṣoṣo látàárọ̀ dalẹ́, ó lè sú imú. Mo bi í pé tí mo bá jù ú nù ńkọ́? Ó ní ti ẹlòmíràn ń padà, àmọ́ pẹ̀lú ọjọ́ orí mi àti iye ọdún tí mo fi mu sìgá, òun ò lè ṣèlérí. Mo jù ú nù. Mo dúró de imú mi, mo dúró títí, kò dé.

Ni mo bá ní kí ọmọ mi yá mi ní imú tirẹ̀. Òun náà ṣáà mọ òórùn ìyá rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sùn sí dàgbà. Tó bá ti di ọjọ́ Àìkú, á wá sí Nyanya, màá ti fi ọwọ́ tó mọ́ ọn lára po òmíràn sílẹ̀, màá fi pa á lẹ́yìn ọwọ́, a ó jọ dúró kó gbóná díẹ̀ kó tó gbọ́ ọ. Á dijú. Á ní, "Kì í ṣe òun, Dádì." Lọ́sẹ̀ mìíràn, á ní ó ti fẹ́ sún mọ́ ọn. Mò ń kanra mọ́ ọn nígbà mìíràn pé kó fa imú dáadáa. N kò rò ó pé ó ń rẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kan, mo fi ọ̀kan pa á lọ́wọ́, ó gbọ́ ọ, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Òun nìyí, Dádì. Mọ́mì nìyí." Inú mi dùn débi tí mo fi ń sunkún. Mo fi pa ọrùn, mo fi pa irùngbọ̀n, mo fi pa ìrọ̀rí mi. N kò gbọ́ nǹkan kan, àmọ́ mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, mo sì sùn bí ọmọ tuntun.

Lọ́jọ́ kejì mo mú ìgò náà lọ sọ́jà. Mo ní kí Àlàájì tó ń ta fìlà ní ìsọ̀ tó tẹ̀ lé tèmi, ọmọ Kánò, bá mi gbọ́ òórùn ìyàwó mi. Ó gbé e símú, ó yí i, ó tún gbé e símú. Ó ní, "Kai! Ọ̀rẹ́ mi, òróró lásán nìyí. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀." Mo gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgò tí kò ní àkọlé, ọwọ́ ẹni tí kò ní imú. Òróró tí n kò tíì po nǹkan kan sí ni mo fi pa ọmọ mi lọ́wọ́.

Inú bí mi. Mo ti ìsọ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo lọ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní Gwarinpa títí ó fi ti ibi iṣẹ́ dé. Mo na ìgò náà sí i. Mo ní, "Òróró lásán ni mo fún ẹ. O ní ìyá ẹ ni. O wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú báàgì rẹ̀ léjìká. Ó ní, "Mo mọ̀ pé kò rùn, Dádì. Mo fẹ́ kí ẹ sinmi ni." Ó ń wá ọ̀rọ̀, kò rí i, ó tún bẹ̀rẹ̀. "Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, mo rántí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun. Ẹ tún gbé òmíràn wá, ẹ tún gbé òmíràn wá, gbogbo ẹ̀ wọ inú ara wọn. Mo ń wá Mọ́mì nínú orí mi, mi ò rí wọn mọ́. Mi ò mọ òórùn wọn mọ́, Dádì. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ fún yín."

Imú tèmi ti lọ, mo mọ̀, ọwọ́ mi ni mo fi pa á. Òórùn ìyá rẹ̀ wà nínú orí ọmọ yìí ní tirẹ̀, mo sì fi ìgò lé e jáde. Ó dùn mí ju ọjọ́ tí a sin ìyá rẹ̀ lọ.

Mo jókòó tì í, mo fà á mọ́ra. Mo gbé imú lé e lórí, mo fa imú bí mo ti máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. N kò gbọ́ òórùn òun náà.