Aṣọ Tó Bo Ẹnu Àmù

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé abúlé náà, omi ni wọ́n fi pàdé mi. N kò sọ pé wọ́n bu omi fún mi mu o. Bí ọkọ̀ Láńdírófà wa ṣe yọ lẹ́yìn àwọn igi ọ̀pẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin kan fi igbe ta pé, "Wolé-wolé ti dé o!" Kí a tó sọ̀ kalẹ̀, gbogbo agbo ilé ti ń da omi nù. Wọ́n ń dojú àmù dé, wọ́n ń gbọn korobá, omi ń ṣàn gba àárín àgbàlá bí ìgbà tí òjò ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Bàtà funfun tí mo nù títí ó fi ń dán láàárọ̀ ọjọ́ náà rì sínú ẹrẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọ̀gá mi, tó jókòó níwájú ọkọ̀, rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ṣé o rí i, Nọ́ọ̀sì? Wọ́n bẹ̀rù wa."

Ó rò pé ohun àmúyangàn ni.

N kò ní dárúkọ abúlé náà. Àwọn ọmọ-ọmọ ibẹ̀ ti di lọ́yà àti ọ̀jọ̀gbọ́n báyìí, àwa Èkìtì kì í sì í fẹ́ kí wọ́n rán wa létí pé bàbá wa àgbà tiro rí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọ̀nà Ìjàn ló wà, bí ènìyàn bá ti Adó ń lọ. N kò ní dárúkọ ọ̀gá náà pẹ̀lú. Ọ̀gá Kakí ni àwa nọ́ọ̀sì ń pè é lẹ́yìn, nítorí ó máa ń fi sítáàṣì lọ kakí rẹ̀ títí yóò fi le débi pé bí òun bá jókòó, aṣọ á ṣì fẹ́ wà lórí ìdúró. Olórí àwọn wolé-wolé ni. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ wolé-wolé. Àwọn ni òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó máa ń wọ ilé onílé láti yẹ ìkòkò omi wò. Bí wọ́n bá rí tanwíjí, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn tó ń jó nínú omi, kóòtù ló kàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin fi ń da omi nù.

Ọmọ Ìyìn-Èkìtì ni mí, tíṣà sì ni bàbá mi. Mo kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo tún kọ́ ti ìlera ará ìlú lé e lórí. Ìgbà tí mò ń wí yìí, Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni gbogbo wa wà, àwọn sójà sì ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba lé alágbádá lọ́wọ́. Sobìà ló gbé wa lọ sí abúlé yẹn. Aràn ni sobìà, ó gùn bí okùn, ó sì tín-ín-rín bí òwú. Inú omi odò ni àwọn kòkòrò wínníwínní tó ń gbé ọmọ rẹ̀ kiri wà. Ẹni tó bá mu wọ́n kò ní mọ nǹkan kan fún bí ọdún kan gbáko. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wú, tí aràn yóò sì máa yọrí jáde díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìrora bí iná. Bí onítọ̀hún bá ti ẹsẹ̀ bọ odò kí ó lè tutù, aràn á tún da ọmọ sínú omi fún ẹlòmíràn láti mu. Àsìkò tí a ń kọ ebè iṣu gan-an ló máa ń yọ. Nítorí náà, ẹni tó yẹ kó wà lóko á wà lórí ẹní, igbó á bo oko, ebi á sì wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Odò tí wọ́n ń mu ń jẹ́ Arárọ̀mí. Kò sí ẹni tó mu ún tí ara rọ̀.

Ìwé ti Àkúrẹ́ wá pé kí a fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú ará ìlú láti lé sobìà lọ. Ọ̀gá Kakí ka ìwé náà, ó gbọ́ ọ bí ó ṣe wù ú. Ó yan ìgbìmọ̀ ọkùnrin méjìlá: Kátíkíìsì, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, àwọn olóyè, àti ọkùnrin kan tó ń ra kòkó. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbéyàwó, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ru omi rí. Ọ̀gá kó aṣọ funfun tí a ó máa fi sẹ́ omi lé wọn lọ́wọ́, ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó wọ ọkọ̀. Èmi ni mo fi ọwọ́ mi gé àwọn aṣọ náà ní igun mẹ́rin-mẹ́rin. Mo gé e títí ọwọ́ mi fi lé ròrò.

Ọjọ́ Ìsinmi Ìkórè ni mo padà lọ wo bí ó ti ń lọ. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì, akọrin wọlé, ẹnu mi sì là sílẹ̀. Aṣọ omi ni wọ́n wọ̀! Wọ́n ti rán gbogbo rẹ̀ pọ̀ di aṣọ akọrin, ojú rírán gba ẹ̀yìn àti àyà wọn kọjá bí ààlà oko. Lẹ́yìn ìsìn, mo pe Kátíkíìsì sẹ́yìn.

"Kátíkíìsì, aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi nìyẹn."

"Nọ́ọ̀sì, aṣọ funfun báwọ̀nyí, ṣé ẹnu àmù ni kí a dè é mọ́, kí akọrin Olúwa máa wọ àkísà?"

"Kí ló dé tí àwọn akọrin fi jókòó kọrin lónìí?"

Ó wolẹ̀. "Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n," ni ó wí.

Mo padà sí Adó, mo ròyìn rẹ̀ fún Ọ̀gá Kakí. Ó ní, "Ó kéré tán, wọ́n lo aṣọ náà." Ó sì kọ ọ́ sínú ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ pé ará ìlú tẹ́wọ́ gba aṣọ pẹ̀lú ìdùnnú. Irọ́ kọ́ ni, ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Ìgbà náà ni mo béèrè ohun tó yẹ kí n ti béèrè lọ́jọ́ kìíní: ta ni àwọn obìnrin abúlé yìí ń gbọ́ràn sí lẹ́nu? Gbogbo wọn ní Ìyá Aláró ni. Òun ni olórí wọn. Òun ló ń hun aṣọ, òun ló ń pa á láró, kò sì sí ìyàwó tó wọ ìlú náà láìgba iwájú rẹ̀ kọjá. Mo bá a nídìí òfì. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ọrùn ọwọ́ nítorí aró, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí àpótí, sobìà ti yọ níbẹ̀. Àwọn obìnrin bíi mélòó kan jókòó tì í, wọ́n ń ran òwú. Èdè Èkìtì ponbele ni ó ń sọ. Mo tún un kọ níhìn-ín kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́.

"Ìwọ ni aya wolé-wolé?"

"Rárá o, Ìyá. Nọ́ọ̀sì ni mí."

"Ọkọ̀ kan náà ló gbé yín wá."

Ó fi ìka dúdú rẹ̀ tọ́ka sí ìkòkò aró rẹ̀.

"Ọ̀gá rẹ mú mi lọ sí kóòtù. Ó ní òun rí tanwíjí nínú ìkòkò aró mi. Ìwọ tó kàwé, tanwíjí wo ní í gbé inú aró?"

"Kò sí, Ìyá."

"Wí i sókè, kí ulé kejì gbọ́."

"Kò sí tanwíjí tí í gbé inú aró!"

Àwọn obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ sọ fún ọ̀gá mi pé kí ó wá tọrọ àforíjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, obìnrin kankan nínú ìlú náà kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ omi láti ẹnu wa.

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún Ọ̀gá Kakí nínú ofíìsì rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fa bọ́tìnnì àyà rẹ̀ já. "Èmi? Kí n lọ bẹ ìyá aláró tí kóòtù ti dá lẹ́bi? Nọ́ọ̀sì, ṣé orí rẹ pé?"

Orí mi pé. Ní ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ èrò ní ibùdókọ̀ Fájuyì ní Adó, èmi àti àwọn alágbọ̀n tòmátì, mo lọ kúnlẹ̀ fún Ìyá Aláró nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí n kò dá. Ó wò mí títí.

"Ẹni tó ṣẹ̀ wà lórí àga ní Adó, ẹni tí kò ṣẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀. Dìde. Orúnkún rẹ kò mọ ilẹ̀, ọmọ tíṣà."

Mo bu omi Arárọ̀mí sínú ife onígíláàsì tí mo mú wá, mo gbé e sókè sí oòrùn fún un. Ojú rẹ̀ ṣì mú, ojú ẹni tó ń ka òwú. Ó rí àwọn nǹkan wínníwínní tó ń ta pọ́ún-pọ́ún nínú omi tí gbogbo wa rò pé ó mọ́. Ó rọra gbé ife náà kalẹ̀.

"Èyí ni mo ń mu láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ?"

"Òun ni, Ìyá."

"Èyí sì ni mo bù fún àwọn ọmọ mi." Ó da omi inú ife náà nù. "Wọ́n sì fi àwọn méjìlá tí kò mọ ọ̀nà odò ṣe ìgbìmọ̀."

Ọjọ́ náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣi í ṣe. Mo ní kí ó hun aṣọ tí a ó fi sẹ́ omi kí ó ki dáadáa. Ó hun ún, ó sì ki débi pé a da omi sí i láàárọ̀, a jẹun ọ̀sán tán, kò tíì kán tó ife kan. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, pẹ̀lú aṣọ rẹ yìí, òùngbẹ ni yóò pa wá kí sobìà tó dé." Ó tú u, ó hun òmíràn pẹ̀lú òwú tó tín-ín-rín. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló ṣe déédéé: omi ń kọjá, kòkòrò kò lè kọjá. Mo bi í bí a ó ṣe pín in kí àwọn akọrin má baà tún gbé e wọ̀. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ohun tí ìjọba bá fúnni, gbogbo ayé ló ni ín. Ohun tí ìyàwó bá gbé wọlé ọkọ, ta ni yóò fọwọ́ kàn án?"

Bí a ṣe fi aṣọ náà kún ẹrù ìyàwó nìyẹn. Àwọn tó ti wà nílé ọkọ tẹ́lẹ̀ wá gba tiwọn lọ́wọ́ Ìyá Aláró gẹ́gẹ́ bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé. Ìyá ọkọ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè é mọ́ ẹnu àmù. Ìyá Aláró ṣe òfin kan péré lé e: "Ẹni tó bá fi sẹ́ ògì, èmi àti ẹ̀ ni!" Àwọn àgbà obìnrin tí sobìà kò jẹ́ kí wọ́n lọ sóko mọ́ sì ń pín ọjọ́ jókòó létí odò. Ẹni tó bá ní egbò lẹ́sẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ omi. Wọ́n á ní kí ẹlòmíràn bù ú fún un, wọ́n á sì bú u dáadáa kí ó tó lọ. Èébú yẹn ṣiṣẹ́ ju gbogbo ìwé tí mo kà lọ.

Ohun kan ni Ìyá Aláró gbà lọ́wọ́ mi: kakí kò gbọdọ̀ wọ ìlú náà títí di àsìkò ebè tó ń bọ̀. Kò sí àṣẹ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n mo jẹ́jẹ̀ẹ́. Nígbàkigbà tí Ọ̀gá Kakí bá fẹ́ lọ, mo máa ń sọ pé afárá ti wó. Afárá náà wó tó ìgbà márùn-ún.

Ìyọnu sobìà ni pé ọdún kan ni a ó fi dúró kí a tó mọ̀ bóyá ohun tí a ṣe dára. Ní gbogbo ọdún náà, àwọn tó ti mu ún tẹ́lẹ̀ ṣì ń tiro. Ọ̀gá Kakí ti gbọ́ nípa afárá mi. Ó kọ̀wé pé iṣẹ́ mi kò so èso, pé mo ń bá àwọn ọ̀daràn kóòtù dòwò pọ̀, ó sì gbé mi lọ sí yàrá kan ní Adó láti máa to káàdì àwọn aláìsàn. Ó ku oṣù mẹ́ta kí wọ́n kọ ebè. Mo to káàdì, mo sunkún sí i. Ojoojúmọ́ ni mò ń bi ara mi pé bí ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn bá tún wú ńkọ́?

Àsìkò ebè dé, ó lọ. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí iṣu tuntun jáde, awakọ̀ kan kan ilẹ̀kùn yàrá káàdì. Ó gbé iṣu kan lé èjìká, ó tóbi bí ọmọ ọdún méjì.

"Ìyá Aláró ní kí n gbé uṣu yìí fún ọ. Ó ní kí n wí fún ọ pé ẹsẹ̀ ló gbìn ín."

Mo jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ mi, mo gbá iṣu mọ́ra.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, fọ́tò Ọ̀gá Kakí jáde nínú ìwé ìròyìn, àwọn méjìlá rẹ̀ yí i ká níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, akọrin wà lẹ́yìn wọn. Orí ìdúró ni akọrin wà. Wọ́n gbé ọ̀gá mi ga lẹ́nu iṣẹ́. Èmi fẹ̀yìn tì láti ìdí káàdì. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n sin Ọ̀gá Kakí. Ó wà nínú ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀ pé òun nìkan ló lé sobìà kúrò ní ọ̀nà Ìjàn. Wọ́n ní kí a má sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Ó dára: kakí rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú náà, wọ́n pè mí sí ìgbéyàwó ní abúlé yẹn. Omi ẹ̀rọ ti dé ibẹ̀ tipẹ́. Wọ́n ń tú ẹrù ìyàwó, mo sì rí i láàárín ìkòkò àti fáànù: aṣọ tín-ín-rín, ojú híhun kan náà.

Mo bi ìyá ọkọ pé, "Kí lẹ ń fi èyí ṣe?"

"Àṣà wa ni, Mọ́mì. Ẹnu àmù ni wọ́n ń dè é mọ́. A kò mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó tí kò bá mú un wá, a kò gbà á wọlé."

N kò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Kí Ọ̀gá Kakí máa sọ tirẹ̀ nínú ìwé ìsìnkú rẹ̀. Mo ṣáà tọrọ ọ̀kan, wọ́n sì fún mi. Kò sí àmù nílé mi mọ́, omi inú ike ni àwọn ọmọ mi ń rà fún mi. Ògì ni mo ń fi sẹ́. Ó ń sẹ́ ẹ kúnná gan-an. Láràárọ̀ tí mo bá ń fún ògì náà, mo máa ń wẹ̀yìn wò, bóyá Ìyá Aláró á bú mi.