Ọṣẹ Oníbàárà

Alágbàfọ̀ kan ló ṣi aṣọ dì: ó ká yẹ̀rì ìyàwó rẹ̀, tó ti ya létí, mọ́ aṣọ ìyá tíṣà, oníbàárà rẹ̀ kan.

Àwọn oníbàárà ló máa ń kó ọṣẹ fún un pẹ̀lú aṣọ. Nígbà tí ọjà gbówó lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da aṣọ ilé tirẹ̀ mọ́ tiwọn. Ìṣọ́wóná ló ń pè é, ṣùgbọ́n orúkọ tó yẹ ẹ́ kọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá tíṣà dá yẹ̀rì náà padà. Ó ti bá wọn rán ibi tó ya.

“Bàbá, abájọ tí ọṣẹ mi kì í pẹ́ tán,” ló wí, ó rẹ́rìn-ín. “Àṣé a pọ̀ tí à ń lò ó.”

Ìyàwó alágbàfọ̀ gba yẹ̀rì náà, ó sì wọlé. Ọkọ rẹ̀ ò lè gbójú sókè.

“Ẹ má bínú, mà. Ó ti tó oṣù mẹ́ta.”

“Ká ní ẹ sọ fún mi ni, ǹ bá fi kún un.”

Èébú ì bá sàn fún alágbàfọ̀ ju inúure yìí lọ. Láti ọjọ́ náà, kò lè gba aṣọ ẹnikẹ́ni ládùúgbò mọ́. Ní báyìí, yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan ló wà, ó ń fọ aṣọ ibùsùn.