Tọkọtaya Tó Yan Odì Lábẹ́ Wáyà Iná

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Wáyà yìí, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Kò tiẹ̀ gbọdọ̀ sinmi, nítorí ẹnu ló fi ń ṣiṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ ló ń wa kireeni, ẹ̀rọ ọlọ́rùn gígùn tó ń gbé irin lọ sórí ilé tí wọ́n ń kọ́. Ìyàwó a dúró nílẹ̀, a gbójú sókè, a máa ṣọ́ wáyà iná tó gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá. Kí ọkọ tó gbé ohunkóhun, á kígbe pé, "Òkè ńkọ́?" Bí ìyàwó ò bá tíì dáhùn pé "Òkè dáa!", irin ò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọdún gbọọrọ nìyẹn.

Àfi bí ọkùnrin yìí ṣe gbé àga ìyàwó rẹ̀, èyí tó fi ń gba atẹ́gùn lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, tó lọ fi ta àbúrò tirẹ̀ lọ́rẹ láìbi ìyàwó léèrè. Háà! Ni wọ́n bá yan odì. Bí wọ́n bá fẹ́ iyọ̀, ọmọ ni wọ́n ń rán síra wọn nídìí oúnjẹ kan náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lanu ló pàdánù.

Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n gbé odì ọ̀hún dé ibi iṣẹ́. Ọkọ ò bèèrè òkè, ìyàwó ò dáhùn, ọwọ́ nìkan ló ń jù. Ìyàwó juwọ́ pé kó dúró, oòrùn tó ń ràn sójú ọkọ ò jẹ́ kó rí i. Ọrùn kireeni yí, ó kan wáyà. Gbàù! Iná ń ta pàrà lókè.

Ẹ̀rù ba ọkọ, ó ṣílẹ̀kùn, ó ti na ẹsẹ̀ kan síta kó sọ̀kalẹ̀. Ìyàwó sì mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ yẹn bá kan ilẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ṣì wà lára irin kireeni, iná á gbé e, ó parí nìyẹn.

"Bàbá Àwọn Ọmọ! Ẹ má sọ̀kalẹ̀! Ẹ fa ẹsẹ̀ yín padà! Ẹ jókòó jẹ́ẹ́!"

Ó fa ẹsẹ̀ padà kíá. Ìyàwó kọjú sí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sáré bọ̀: "Kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn o! Ẹ pe àwọn oníná kí wọ́n pa iná!" Ọ̀gá wọn ti ń tẹ fóònù.

Wọ́n wá ń dúró de àwọn oníná. Ìyá Wáyà wà lókèèrè, omijé ń dà, èébú ń dà, ṣùgbọ́n èébú tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni. "Olórí kunkun ni yín! Àgídí ló máa pa yín!"

Ọkọ yọjú lójú fèrèsé. "Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Ẹnu mi ló ń sọ̀rọ̀. Èmi ṣì ń yan odì!"

Ẹ̀rín pa àwọn òṣìṣẹ́, tẹ̀rùtẹ̀rù.

Ìgbà táwọn oníná ní iná ti kú pátápátá ni ọkọ tó sọ̀kalẹ̀. "O pàdánù o," ó ní. "Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

"Mo pàdánù, mo gbà." Ó dì mọ́ ọn gbàgbà. "Tẹ́ ẹ bá kú, ta ni mo fẹ́ máa bá yan odì?"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, orí ara rẹ̀ ni ọkọ fi ru àga padà wálé.

Wọ́n ṣì máa ń yan odì o, ẹ má tan ara yín jẹ. Ṣùgbọ́n bí ọkọ bá ti gun kireeni, á ké pé, "Òkè ńkọ́?" Ìyàwó á ní, "Òkè dáa!" Á wá pòṣé, á sì tún padà sínú odì rẹ̀.